Kí O Tó Kọ "Must" Sílẹ̀

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, ìgbà tí ọmọ bá wọ sixième, ọdún àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò bá fi dé troisième, ọdún kẹrin, tí ìdánwò BEPC ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ẹ fún un ní gbólóhùn tó ní àlàfo, kí ẹ ní kó fi "must", "can", "may" tàbí "should" dí i, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa jẹ ìdí bírò. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ ní àdúgbò Ouando mọ ohun tó fà á. Faransé ni wọ́n fi ń wá ìdáhùn. "Devoir" kan náà ni Faransé fi ń ṣe ti "must" àti ti "should", ìrísí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. "Pouvoir" sì ń ṣe ti "can" àti ti "may".

Mo máa ń sọ fún wọn pé: ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ nílé.

Ẹ wo àwọn tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wọlé, lẹ́bàá títì. "You ___ smoke here." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀: "mustn't" nìyẹn. Ẹ wá wo èyí: "Tomorrow is May 1st. You ___ go to school." Ọlidé ni, kò pọndandan kéèyàn lọ: "don't have to". Ẹni tó bá kọ "mustn't" síbẹ̀ ti sọ ilé-ìwé di èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé ìdánwò. Centre Songhaï, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wà ní Ouando níbí, àlejò sì ń ti Nàìjíríà wá síbẹ̀. Bí ẹni tó ń mú wọn yíká bá ní "You mustn't buy anything", wọn ó rò pé wọ́n ka ọjà rírà léèwọ̀ ni.

Ibòmíràn tó ń da ọmọ láàmú ni ibi tí a ti ń méfò. Ọ̀kadà Fátímà wà lẹ́nu ọ̀nà: ó ní láti jẹ́ pé ó wà nílé, "She must be at home". Ṣùgbọ́n ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ló kúrò ní Ouando, kò lè jẹ́ pé ó ti dé ibodè Ìgólò: "She can't be in Igolo yet". "Mustn't" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tó wà rárá, "may" tàbí "might" ni.

Yorùbá náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. "Ṣé mo lè jáde?" là ń sọ fún "Can I go out?" àti "May I go out?" Níbẹ̀, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ ni "can" wà fún. Ọ̀gá ilé-ìwé ni "may" tàbí "could", bí a ṣe ń ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ".

Ẹ ṣọ́ra fún etí yín náà. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà máa ń sọ pé "I would come tomorrow", ó sì ń wọ àwọn ọmọ wa létí. Nínú ìdánwò, "will" ni ti ìlérí tó dájú. "Would" a máa bá "if" rìn: "If I had money, I would buy a motorbike".

Ti ìrísí wọn kò le. Kò sí "musts", kò sí "can to". "Ought" ló ń mú "to" dání, bíi ti "have". Bí ọ̀ranyàn náà bá sì jẹ́ ti àná, "had to" ni.

Bí ọ̀rọ̀ méjì bá wá jọ bá àlàfo kan mu, ẹ tún gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ kà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣe ìdánwò sábà máa ń fi ìdáhùn pamọ́ sí.