Ẹ̀rọ tó dára: ìwé àkọsílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n sì dárúkọ Ìjẹ̀bú, gàrí ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn, èyí tó kan, tó kúnná, tó sì gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń yan án, láti Ìjagun títí dé àwọn abúlé tó yí Ìjẹ̀bú-Òde ká, mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ni ọjà wọn wà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ dé láti oko, àdánù ti wọlé nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀ńjìnnì fi máa ń béèrè pé: irú èwo ló lè tọ́jọ́? Ẹni tó ń tà á yóò ní tòun ló dára jù. Aládùúgbò yóò ní tòun kò yọ òun lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dájú jù ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti ṣe, bí ẹnìkan bá ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ìyá mẹ́ta ra irú ẹ̀ńjìnnì kan náà, wọ́n sì lò ó fún oṣù mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 400, ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ti ìkejì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 500, ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìkẹta ṣiṣẹ́ fún wákàtí 300, kò bàjẹ́ rárá. Àpapọ̀ wákàtí jẹ́ 1,200, ìbàjẹ́ sì jẹ́ 6. Bí a bá pín 1,200 sí ọ̀nà 6, wákàtí 200 ni yóò jẹ́. Ìyẹn ni pé, bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀, wákàtí 200 ni irú ẹ̀ńjìnnì yìí ń ṣiṣẹ́ kí ó tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lò ó fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́ yóò mọ̀ pé nǹkan bí ogójì ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀ńjìnnì kẹta ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé kò bàjẹ́, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, wákàtí 150 ni ìṣirò yóò gbé jáde, a sì ti ba ẹ̀rọ lórúkọ jẹ́ láìṣẹ̀. Irú àṣìṣe yìí náà ni ti ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti mọ ẹ̀rọ tó dára. Èyí tó ń ṣàìsàn nìkan ni yóò bá níbẹ̀, kò ní rí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ ìṣirò kan ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, Abraham Wald, ṣe ìṣirò lórí ọkọ̀ òfuurufú ogun. Èyí tó padà wálé nìkan ni wọ́n lè ka ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Wald ní kí wọ́n má gbàgbé èyí tí kò padà wá: ibi tí ọta bá bà tí ọkọ̀ kò fi ní lè délé mọ́, ihò ibẹ̀ kò ní pọ̀ lára àwọn tó bọ̀. Nítorí náà, bí a bá rí ògbólógbòó ẹ̀ńjìnnì kan tó ṣì ń dún kíkankíkan, ẹ jẹ́ ká béèrè iye àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti di pàǹtí.

Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, àkọsílẹ̀ ti ṣe ohun ńlá. Ní Kyuso, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford fi ohun èlò kékeré kan sára ọwọ́ ẹ̀rọ omi tí àwọn ará abúlé ń fà. Bíi ti fóònù ni ohun èlò náà ń fi ìròyìn ránṣẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń fà á sí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, àwọn alátùn-únṣe yóò mọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí ọjọ́ 27 ni ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ń wà kí wọ́n tó tún un ṣe. Nígbà ìdánwò náà ní 2013, kò tó ọjọ́ mẹ́ta mọ́.

Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò nílò irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré kan àti bírò ti tó. Kí ó máa kọ ọjọ́, iye wákàtí tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ohun tó bàjẹ́, iye ọjọ́ tó fi dúró àti owó tó ná. Kí ó ya bẹ́líìtì tó já sọ́tọ̀ sí ẹ̀ńjìnnì tó kọṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè máa fa ìlà sára ògiri, kí ọmọ bá a kà á. Ìjagun tó ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 láti máa kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ kò lè wá ẹni tí yóò bá ìyá ṣe ìṣirò tì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka wákàtí 200 sí ìlérí. Ẹ̀rọ tó ti gbó kì í ṣe bíi tuntun, ẹni tó sì ń di ẹrù lé e kọjá agbára kò lè rí ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Kí onígàrí náà máa yẹ ìwé rẹ̀ wò kí ọjọ́ ọjà tó pé, kí ó sì pe mẹkáníìkì kí ẹ̀rọ tó pè é.