Dókítà Tó Lọ Wá Oògùn Nínú Òkúta

Ní ọdún 1516, wọ́n rí fàdákà nínú òkè kan ní ilẹ̀ Bohemia, níbi tí orílẹ̀-èdè Czech ti bá Jámánì pààlà lónìí. Kò pẹ́ tí èrò fi ya bo ibẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì wá, ẹni tó ní owó wá, oníṣòwò wá, alágbẹ̀dẹ wá, ìlú ńlá sì dìde níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Joachimsthal. Wọ́n fi fàdákà ibẹ̀ rọ owó kan tó wúwo dáadáa, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pe owó ọ̀hún. Àgékù orúkọ yẹn, taler, ló padà di dọ́là. Níbi tí èrò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àìsàn kò ní ṣàì pọ̀. Ní 1527, dókítà kan tó jẹ́ ẹni ọdún 33 gba iṣẹ́ níbẹ̀. Georg Bauer lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Georgius Agricola tó fi èdè Látìnì sọ ara rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Glauchau ní ilẹ̀ Saxony ni. Ó kàwé ní Leipzig, ó kọ́ àwọn ọmọ ní Látìnì àti Gíríìkì ní Zwickau, kó tó lọ sí Ítálì lọ kọ́ ìṣègùn. Ní Venice, ó wà lára àwọn tó ń ṣètò ìwé Galen, àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, fún ìtẹ̀jáde. Àsìkò tí ẹ̀kọ́ tún sọjí ní Yúróòpù nìyẹn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tú ìwé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ayé àtijọ́ jáde lákọ̀tun. Ohun tí wọ́n bá bá nínú ìwé wọ̀nyẹn, abẹ ló gé e.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn dárúkọ, inú òkúta, erùpẹ̀ àti irin ni wọ́n ti ń mú un jáde. Ta ló wá lè nawọ́ sí òkúta kan pé òun gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn? Agricola rò ó pé àwọn tó ń gbé inú òkúta ló yẹ kéèyàn bi. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ní Joachimsthal, ihò ìwakùsà àti ìdí ìléru ló ń gbà lọ, tí yóò máa bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀.

Ní 1530 ó gbé ìwé kékeré kan jáde, Bermannus. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni: àwọn dókítà méjì àti ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ ìwakùsà jọ ń rìn káàkiri orí òkè, wọ́n ń wo iṣẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí òkúta. Erasmus, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀mọ̀wé èyíkéyìí lọ ní Yúróòpù ayé ìgbà yẹn, kọ lẹ́tà ìyìn síwájú rẹ̀. Ohun tuntun tó wà nínú ìwé náà ni pé awakùsà ni olùkọ́, àwọn dókítà sì ni akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ Gíríìkì kì í sábà jókòó sẹ́sẹ̀ ẹni tí erùpẹ̀ bo aṣọ rẹ̀ lára.

Nígbà tó fi di 1546, tó ti ń gbé Chemnitz, tí wọ́n tún ti fi í ṣe olórí ìlú níbẹ̀, ó gbé De Natura Fossilium jáde, ìwé lórí gbogbo ohun tí a ń wà jáde nínú ilẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé òkúta a máa to orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe lọ, wọ́n á sì sọ èyí tó ń lé májèlé àti èyí tó ń mú ojú rere wá. Agricola ṣe é lọ́nà mìíràn. Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá? Báwo ló ṣe wúwo tó, tó le tó? Kí ni adùn rẹ̀ lórí ahọ́n, kí ni òórùn rẹ̀? Ṣé ó ń yọ́ nínú iná? Ohun tí ojú, ọwọ́, imú àti ahọ́n lè jẹ́rìí sí ló fi pín wọn sí ìsọ̀rí: erùpẹ̀, òkúta, irin, àti àwọn bí iyọ̀ tó pè ní oje tó dì. Àwọn ará ìgbà náà gbà pé oríṣi irin kò ju méje lọ, nítorí pé méje ni oòrùn, òṣùpá àti àwọn ìràwọ̀ arìnrìn-àjò tí wọ́n mọ̀. Ó ní irọ́ ni, pé irin bismuth nìkan ti sọ ọ́ di mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n De Re Metallica ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé méjìlá ló wà nínú rẹ̀, láti orí wíwá ibi tí irin wà, wíwọn ilẹ̀, gbígbẹ́ ihò, yíyọ́ irin, yíya wúrà kúrò lára fàdákà, títí dé orí ṣíṣe iyọ̀ àti gíláàsì. Ìròyìn kò tó àfojúbà, Agricola sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé ohun tí òun kò bá rí, tí òun kò kà, tí òun kò sì gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣeé gbára lé, òun kò kọ ọ́. Ó tún fi owó ara rẹ̀ gba àwọn ayàwòrán, kí ọ̀rọ̀ tó bá ṣókùnkùn lè yé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwòrán inú rẹ̀ lé ní 250. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú ihò wà níbẹ̀, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀ náà sì wà. Ó ròyìn ibì kan ní àwọn òkè Carpathian tí wọ́n ti ń lo ẹṣin 96, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, láti fa omi jáde.

Ó kọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pín ọjọ́: ọ̀wọ́ mẹ́ta, wákàtí méje-méje, wákàtí mẹ́ta tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ti ìwọlé àti ìjáde. Ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru a máa kọrin kí oorun má baà gbé wọn lọ, àti pé orin náà kò burú létí. Ta ló ní kó kọ ìyẹn sínú ìwé irin? Ẹni tó dúró tì wọ́n gbọ́ ọ ló lè kọ ọ́.

Ìwé Kẹfà ni dókítà inú rẹ̀ ti jáde gedegbe. Ó ní omi tútù inú ihò ń ba oríkèé jẹ́, eruku ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, irú òkúta kan sì wà tó ń bó ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wọ bàtà aláwọ tó gùn, ìbọ̀wọ́ tó dé ìgúnpá, kí wọ́n sì fi aṣọ bojú nítorí eruku. Ó sọ pé ní àwọn òkè Carpathian, obìnrin wà tó ti fẹ́ ọkọ méje, tí eruku ihò sì pa gbogbo wọn. Kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn tún wà nínú òkè Joachimsthal fúnra rẹ̀. Inú òkúta dúdú tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ni Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ ti rí rédíọ̀mù ní 1898, gáàsì radon tó ń jáde lára irú òkúta bẹ́ẹ̀ sì ti fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ọ̀pọ̀ awakùsà agbègbè náà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gún. Ó ní kí ọlọgbọ́n awakùsà má fi ẹ̀ka igi tó pín sí méjì wá irin kiri bí àwọn kan ti ń ṣe, kó wo àmì ara ilẹ̀. Síbẹ̀ òun náà gbà pé iwin ń gbé inú ihò. Ó tọ̀nà bó ṣe sọ pé omi tó ń ṣàn nínú àlàfo òkúta ló kó irin síbẹ̀ lẹ́yìn tí òkúta ti wà. Ó tún kọ ẹ̀sùn àwọn tó kórìíra ìwakùsà sílẹ̀ láìfi bò: pé wọ́n ń gé igbó run, pé omi tí wọ́n fi fọ irin ń ba odò jẹ́, ó sì ń pa ẹja. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé láìsí irin, kò sí oko, kò sí aṣọ, ènìyàn yóò padà sí jíjẹ èso igbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dá ẹja tó kú lóhùn. Ó sì yẹ ká rántí pé òun náà ní ìpín nínú ihò fàdákà kan, èrè ibẹ̀ sì ń wọlé fún un.

Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1555. Ìjọ Àgùdà ló ń ṣe títí dọjọ́ ikú, bẹ́ẹ̀ Chemnitz ti di ti àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, tí wọ́n ti ya kúrò nínú ìjọ náà. Wọ́n kọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin olórí ìlú àná sáàárín wọn, Zeitz ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ. Ní 1556 ni ìwé rẹ̀ jáde ní Basel. Kò fojú rí i.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìtumọ̀ rẹ̀ tó péye títí di 1912, nígbà tí ẹnjiníà ìwakùsà kan, Herbert Hoover, àti ìyàwó rẹ̀, Lou Henry Hoover, tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta ní Stanford, gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1929, Hoover di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìtumọ̀ wọn, tòun ti gbogbo àwòrán inú rẹ̀, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ìwé Kẹfà.