Òwú Pupa Nínú Yàrá Ọmọ

Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ̀lé ìyá àgbà kan gun àtẹ̀gùn. Ilé wọn ló kọjú sí tiwa ní Philadelphia, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ní kí n wá wo yàrá tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń sùn sí nígbà ìsinmi. Bí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, àwọ̀ méjì péré ni mo rí: funfun àti pupa.

Kọ́tìnnì funfun, àwọn ehoro pupa tò tẹ̀lé ara wọn ní etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Lára àpò ìrọ̀rí, ọmọbìnrin kan dé fìlà oòrùn tó tóbi débi pé a kò rí ojú rẹ̀. Wọn kò fi òwú dí inú àwòrán kankan. Ìlà lásán ni gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni fi bírò pupa ya nǹkan sórí bébà.

Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni mo dúró sí pẹ́ jù, nítorí aṣọ ìbora tó wà lórí rẹ̀. Ègé aṣọ onígun mẹ́rin ni wọ́n rán pọ̀, àwòrán kan lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìyá wọn ló ṣe é lọ́mọdé. Láàárín nǹkan bí 1880 sí 1930, tí iṣẹ́ òwú pupa yìí gbòde ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ta irú ègé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí lára, ẹyọ kan ní sẹ́ǹtì kan. Ọmọ tó bá ní sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ á ra ológbò tàbí òdòdó, á jókòó ti ìyá rẹ̀, á fi kọ́ bí a ti ń di abẹ́rẹ́ mú.

Mo fojú sún mọ́ ọn. Ológbò tó wà ní igun, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, ojú abẹ́rẹ́ gùn níbì kan, ó kúrú níbòmíràn. Ẹyẹ tó tẹ̀lé e sàn díẹ̀. Nígbà tí mo fi dé àárín aṣọ, ìlà ti dán, ọwọ́ ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ológbò yẹn ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tú u.

Philadelphia yìí gan-an lọ́wọ́ nínú bí iṣẹ́ náà ṣe tàn. Ní 1876, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira Amẹ́ríkà, Royal School of Art Needlework, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1872, pàtẹ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì wọ àwọn obìnrin lójú. Memorial Hall tí wọ́n kọ́ fún àfihàn náà ṣì wà ní Fairmount Park; ibẹ̀ ni mùsíọ́mù àwọn ọmọdé wà báyìí.

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ pupa nìkan?”

Wọ́n ní, “Ìwọ náà bímọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lò ń fọ aṣọ wọn lọ́sẹ̀?”

Láyé ọjọ́un, àwọ̀ òwú tí kì í ṣí kò pọ̀. Pupa tí wọ́n ń pè ní pupa Tọ́kì ló ṣeé fọkàn tán jù. Gbòǹgbò ewéko madder ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi òróró àti álọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ lára òwú náà léraléra kí àwọ̀ tó wọ̀ ọ́ dénú. Ní 1868, Carl Graebe àti Carl Liebermann ní Jámánì rí ọ̀nà láti fi kẹ́míkà ṣe ohun tó ń mú gbòǹgbò yẹn pọ́n, pupa náà sì wá dín lówó. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn aláró ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń ṣí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Èmi náà ti rí i. Òwú olówó pọ́ọ́kú ni mo fi ya Ìjàpá sára ìrọ̀rí ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọjọ́ tí mo fọ̀ ọ́, omi pọ́n bí ẹni bu osùn sí i, gbogbo aṣọ di píǹkì. Mo sunkún. Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà, wọ́n rẹ òwú tiwọn sómi, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, aṣọ náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni kí n máa dán an wò kí n tó gán ohunkóhun.

Wọ́n wá ní kí n jókòó. Wọ́n fi férémù onígi róbótó fa aṣọ le, wọ́n yọ fọ́nrán méjì nínú mẹ́fà tó wà lára òwú. Abẹ́rẹ́ ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ìgán kan kò ju hóró ìrẹsì lọ, abẹ́rẹ́ á sì padà yọ ní ìdajì èyí tó ṣáájú, kí òwú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí òwú bá bọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà tó ti ń lọ́ bí okùn kò ní bára mu mọ́. Níbi tó bá ti tẹ̀, bí etí ehoro, ìgán á kúrú sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n yí férémù dà. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tó iwájú: wọn kì í fa òwú kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn, torí òwú pupa tó bá gba ẹ̀yìn aṣọ funfun á hàn níwájú bí iṣan.

Nílé, mo ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìbora tèmi, lẹ́tà kan lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá: ègé márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró, ó gún régé. Ẹ, Ọ àti Ṣ ló ń gbà mí lásìkò, nítorí àmì abẹ́ wọn. Mo ń wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tì í wọlé, kó lè di kókó kékeré. Lálẹ́ àná, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, gba Ẹ lọ́wọ́ mi. Kókó tirẹ̀ tóbi jù, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Mi ò tú u.