Èédú Wo? Ta Ni “Wọ́n”? Kíkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ nípa Ìgbóná Ayé nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Agbonou

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a máa ń bá pàdé nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama: “Trees are cut down. Coal is burnt. The earth is getting warmer.” Kò sí ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta yóò kà á, yóò sì dáhùn ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ náà fi jẹ́ ti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, tí kò fi yẹ kí a dá a dá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

Agbonou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atakpamé, ní ẹkùn Plateaux, lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá Tógò. Àwọn Ifè, tí a tún ń pè ní Ana, wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Èdè wọn jẹ́ ọmọ ìyá èdè Yorùbá, wọ́n sì ka Ilé-Ifẹ̀ sí orírun wọn. Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ Ewe àti ọmọ Kabiyè yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Faransé ni èdè ìkọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ collège, di èdè kẹta lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ, ó tilẹ̀ di ìkẹrin lẹ́nu àwọn mìíràn. Tógò wọ ẹgbẹ́ Commonwealth ní oṣù kẹfà 2022, nítorí náà kò tún ṣeé ṣe láti fọwọ́ rọ́ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn bí iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí ìdánwò lásán.

Ọ̀rọ̀ “warm” ni ìṣòro àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò ní ìṣòro. Lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ dáradára ni: “a warm welcome” ni ìkíni tó dùn mọ́ àlejò. Lọ́dọ̀ tiwa, títutù ni ohun rere. Bí a bá ní ìlú gbóná, ìjà tàbí ìyọnu ló wà níbẹ̀; bí ara ọmọ bá gbóná, oògùn ibà ni à ń wá. Ọmọ tó bá wá túmọ̀ “the world is getting warmer” sí “ayé ń gbóná sí i” ti sọ ohun mìíràn kí ó tó sọ ohun tí ìwé wí: ọjà ti wọ́n, nǹkan ò rọgbọ. Èmi kò ka èyí sí àṣìṣe. Kí olùkọ́ kọ ìtumọ̀ méjèèjì sójú pátákó, kí ó béèrè èyí tí a lè fi ẹ̀rọ wọ̀n. Láàárín 2011 sí 2020, ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1.1 gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ọdún 2024 nìkan sì kọjá 1.5. Àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín pé kí ni ìwọ̀n kan àti ààbọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kúrò ní 37 tó di 38.5 mọ ohun tó jẹ́. Níbẹ̀ ni “warm, warmer, hot, hotter” yóò ti kúrò ní àkọ́sórí.

Lẹ́yìn èyí ni “weather” àti “climate”. Ojú ọjọ́ ni Yorùbá sábà ń pe méjèèjì. Faransé ní “climat”, ṣùgbọ́n “temps” tó jẹ́ ojú ọjọ́ òní, òun náà ni àkókò. Iye ọdún ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti yà wọ́n. Òjò àná jẹ́ “weather”. Ohun tí a bá ṣírò fún ọgbọ̀n ọdún, bí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ṣe máa ń ṣe, ni “climate”. Gúúsù Tógò máa ń rí àkókò òjò méjì lọ́dún, àríwá ń rí ẹyọ kan, Atakpamé sì wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Òjò ọdún kan lè yàtọ̀ gan-an sí ti èkejì níbẹ̀, kí “climate” má tíì yí.

“Greenhouse” ńkọ́? Ọmọ tó bá já a sí méjì yóò ní ilé tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ni. Ilé onígíláàsì tí àwọn ará Yúróòpù fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà òtútù ni. Àwòrán rẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí inú rẹ̀ ń gbóná ní pàtàkì torí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná kò rí ọ̀nà jáde, bẹ́ẹ̀ òfuurufú kò ní ògiri. Àpẹẹrẹ tó sàn jù wà lára àwọn ọmọ náà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sán a gbóná, òru a sì tutù débi pé a ń wá aṣọ ìbora. Lásìkò òjò, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, òru kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ máa ń tú ooru tó gbà lọ́sàn-án sókè. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí, ooru náà á lọ tààrà. Nígbà òjò, ìkùukùu àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á dá lára rẹ̀ padà. Irú iṣẹ́ kan náà ni carbon dioxide ń ṣe tọ̀sán-tòru, òun kì í sì í rọ̀ bí òjò kúrò lójú ọ̀run. Ihò inú ozone, tí àwọn ọmọ sábà máa ń mú wọnú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀ràn mìíràn ni.

A wá dé orí “Coal is burnt”, ibi tí mo rò pé ewu wà jù. “Wọ́n ń jó èédú,” ni ọmọ yóò wí. Faransé rẹ̀ yóò gbè é lẹ́yìn, nítorí “charbon” ni èédú igi, “charbon” náà ni èédú inú ilẹ̀. “De bois” tó yẹ kó yà wọ́n kì í sábà jáde lẹ́nu ẹni tó ń ra èédú lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ méjì yà wọ́n: “coal” àti “charcoal”. Ọmọ náà mọ èédú dáadáa. Àpò rẹ̀ ń bẹ lẹ́bàá títì, òun sì ni ìyá rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀. Ó wá kà á nínú ìwé pé èédú jíjó ló ń mú ayé gbóná. Ta ló jẹ̀bi? Ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tó bá rán ọmọ lọ sílé pẹ̀lú èrò yìí kò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì.

Ewéko tó ti rì sábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni “coal”. Ẹni tó bá jó o ń kó ohun tó ti kúrò lójú ọ̀run láti ìgbà ìwáṣẹ̀ padà sókè. Igi tí a fi ṣe “charcoal”, àná ni ó gba tirẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Bí òmíràn bá hù dípò rẹ̀, yóò tún gbà á padà. Bí òmíràn kò bá hù, gbèsè náà wà, orí òkè Atakpamé á sì di ìhòòhò, ìṣàn omi á gbẹ. Èédú igi náà kì í ṣe aláìlẹ́bi, ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ló yàtọ̀. Iná mànàmáná tó ń ti Nangbéto wá, lórí odò Mono níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987, omi ni ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, kì í ṣe èédú kankan.

Ó wá ku “wọ́n”. Nínú “trees are cut down”, ohun tí ìyà jẹ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olùwà. Ẹni tó gé e ti yọ́ kúrò nínú gbólóhùn. Yorùbá kò ní irú èyí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ipò olùwà, bí a kò bá sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀, arọ́pò-orúkọ “wọ́n” ni a ń lò. Bí a tilẹ̀ gbé àbọ̀ síwájú, “igi ni wọ́n gé”, “wọ́n” kò kúrò níbẹ̀. Ewe náà ń fi arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìlò ti Ifè, ẹnu àwọn ọmọ ni kí olùkọ́ ti gbà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Faransé ẹnu yóò ní “on coupe les arbres”, “on” yẹn sì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ àwa gan-an. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni o: Gẹ̀ẹ́sì kò bá ẹnikẹ́ni wí, Faransé lè fà wá wọ inú ẹjọ́, Yorùbá á tì í sọ́rùn àwọn ẹlòmíràn. Kí a sì rántí pé àgbàlagbà kan ṣoṣo náà ni “wọ́n”. “Wọ́n ń sun èédú lẹ́yìn odò” lè jẹ́ bàbá àgbà ọmọ kan nínú kíláàsì.

Ìlànà tí mo dábàá kò gba owó. Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn márùn-ún irú èyí sójú pátákó, kí àwọn ọmọ sọ wọ́n ní èdè ilé, kí ó sì dá wọn dúró nídìí “wọ́n” kọ̀ọ̀kan: ta ni wọ́n? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú “by”. Ti igi, ìdáhùn yóò jẹ́ asunèédú, àgbẹ̀, apákó, àti àwọn ará Lomé tó ń ra èédú náà. Ti “coal”, ẹ óò rìn jìnnà: Ṣáínà, Íńdíà, Amẹ́ríkà, àti Bìrìtéènì tó ti ń jó o kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé, tó sì ti ilé-iṣẹ́ iná oníèédú rẹ̀ tó kẹ́yìn pa ní oṣù kẹsàn-án 2024. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, ìpín rẹ̀ nínú carbon dioxide tí ń ti inú èédú ilẹ̀, epo àti gáàsì jáde lọ́dọọdún kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá parí iṣẹ́ yìí ti kọ “passive” ju èyí tó wà nínú ìwé ìdárayá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdánilójú náà yẹ kí a fọwọ́ bà. Àwọn ọmọ a máa fi “will” sí gbogbo ibi. Ìgbìmọ̀ IPCC, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, fi iye sí ọ̀rọ̀ rẹ̀: “likely” bẹ̀rẹ̀ láti 66 nínú ọgọ́rùn-ún, “very likely” láti 90, “virtually certain” láti 99. Ẹ ní kí àwọn ọmọ to “bóyá”, “ó ṣeé ṣe”, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú” àti “ó dájú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àríyànjiyàn tó dára yóò ṣẹlẹ̀.

Ní ti àsìkò àti ibá, Yorùbá sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ju Faransé lọ. Ní Mauna Loa ní Hawaii, carbon dioxide jẹ́ nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan ní 1958. Ó ti kọjá 420 ní 2023. Ọmọ tó bá ń ronú ní Faransé á kọ “it rises since 1958”. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé “ó ti ń pọ̀ sí i” yóò rí i pé “ti” àti “ń” ń tọ́ka sí “has been rising”.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbàlagbà kan léèrè oṣù tí wọ́n máa ń gbin àgbàdo tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń gbìn ín báyìí, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú “used to”. Orúkọ oṣù ni kí wọ́n kọ, àti iye ọdún tí àgbà náà ti ń dáko. “Nígbà àtijọ́” kò tó.