Ẹnu Ta Ni A Ti Ń Gbọ́ Ìtàn Ẹrú?

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ra ìwé ìtàn àròsọ ní Ṣàpọ́n fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń sọ ìtàn ẹrú inú rẹ̀?

Ní ọdún 1837, Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí a ṣe kó òun lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Nítorí pé òun ni ó ń sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹkàwé ti mọ̀ pé yóò là á já. Nígbà tí ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá náà ti jẹ ìyà ẹrú tirẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu ọmọ ni a ti gbọ́ ọ.

Adébáyọ̀ Fálétí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969), Àjàyí, Àyọ̀wí àti Ìbíwùmí ni ó ń pìtàn, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ojú tirẹ̀ rí.

A kò fẹ́ mú ẹnikẹ́ni bínú, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá náà ra ẹrú. Ẹrú Ẹfúnróyè Tinúbú nìkan kò kéré. Bí olówó ẹrú bá ń pìtàn, yóò wí pé òun fi ẹni tí òun rà ṣe ọmọ. Ìwé tí ẹni tí a rà náà yóò ti wí pé “èmi” ni a ń wá.