Irin Ara Gìtá Àtijọ́: Ohun tí Ó Yẹ kí A Mọ̀ kí A Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń retí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn sinmi lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ gìtá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ju ilé méjì tàbí mẹ́ta lọ láàárín wa níhìn-ín ní Otor-Udu tí gìtá bàbá tàbí ti ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí àjà, tí àwọn ọmọ sì ń gbèrò láti tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ra tirẹ̀ ní àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1973. Stratocaster ni, iṣẹ́ ọwọ́ Fender ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin Aladja, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní 1982, ó gbé e dání wá, ó sì ń ta á lóde àríyá ní alẹ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí yóò rántí. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná mọ̀nàmọ́ná sí gìtá jùjú ní 1949, kò sí ẹgbẹ́ olórin wa tó lè dá dúró láìsí i. Àwọn ará Bìní tó múlé gbè wá náà ní Victor Uwaifo, tí ó fi orin Guitar Boy ti 1966 sọ ara rẹ̀ lórúkọ títí ó fi kú ní 2021.

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní 2019, gìtá náà sì bọ́ sọ́wọ́ mi. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ sí i, èmi ni mo fà á. Àwọn irin mẹ́fà orí rẹ̀, tí a fi ń fún okùn, ti dógùn-ún, nítorí ọ̀rinrin odò wa yìí kì í ṣàánú irin. Mo gbé e lọ fún ẹnìkan tó ń tún gìtá ṣe, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ra tuntun tó ń dán, kò wọlé, ó bá fi díríìlì fẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì da ti àtijọ́ nù sí ààtàn. Ihò irin Kluson tó wà lára gìtá ayé ìgbà náà kò tó mílímítà 9. Ti òde òní, 10 ni. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n igi tí a ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i, ohun tó sọ ò ju, “Bàbá, ṣé ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo ṣí fáìlì fún un.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni ọdún rẹ̀. Bí ẹ bá tú páànù iwájú, ẹ ó rí nọ́ńbà lẹ́yìn àwọn irin tí kóńkó tí a fi ń dín ohùn kù máa ń jókòó lé. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 304, ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ Stackpole. 64 tó tẹ̀ lé e ni ọdún 1964. Méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Ìyẹn kò sọ ọjọ́ tí wọ́n to gìtá náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé kò lè ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọdún yìí ṣe pàtàkì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1965, ilé-iṣẹ́ CBS ra Fender ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí nǹkan padà. Kí ọdún náà tó parí, orí gìtá ti tóbi sí i. Ní ìparí 1971, síkúrù mẹ́rin tó so ọrùn mọ́ ara di mẹ́ta. Lákòókò kan náà, bíríjì, ìyẹn irin tí okùn ń gbà kọjá nídìí gìtá, kúrò ní irin gidi, ó di àdàlù tí wọ́n rọ sínú mọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ olórin sọ pé ohùn rẹ̀ kò rí bákan náà mọ́. Àtúnṣe kan wà tí mo fara mọ́ o: súwíìsì ìgbà àtijọ́ ní ibùjókòó mẹ́ta péré, àwọn olórin sì máa ń dá a dúró sí àárín méjì kí wọ́n lè rí ohùn tó dùn sí i. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ náà gbà fún wọn, ó fi onímárùn-ún sí i.

Nígbà tí àwọn ènìyàn kò yéé béèrè ti àtijọ́, Fender mú ẹ̀dà ti 1957 àti ti 1962 jáde ní 1982, pẹ̀lú orí kékeré, síkúrù mẹ́rin àti bíríjì onírin. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ni ìrànlọ́wọ́ wa. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún wọn sábà máa ń bá gìtá 1964 mu ju ohun tí a ń rí ní ọjà lọ. Àwọn tó ní Gibson, ìtàn tiyín tún yàtọ̀. Les Paul tó jáde ní 1952 ti pààrọ̀ irin ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí 1956 tó dé.

Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra bíríjì kan láti Èkó, ihò síkúrù mẹ́fà ni ó ní bíi ti wa gẹ́lẹ́. Mo gbé rúlà sí i. Ti wa, láti síkúrù àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, lé díẹ̀ ní mílímítà 56; ti tuntun náà, 52 ó lé díẹ̀. Bí a bá ti gbé e fún alátùn-únṣe ọjọ́sí, ihò mẹ́fà mìíràn ni ìbá lù sí ara igi náà. A dá a padà. Àwọn kan ní òpó méjì péré dípò síkúrù mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín rárá. Ẹ ṣọ́ra fún kóńkó orí náà pẹ̀lú: eyín 24 ni ti Amẹ́ríkà ní lẹ́nu, 18 ni ti ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Éṣíà wá. Bí ẹ bá fi agbára tì í, yóò là.

Ihò tí wọ́n fẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ta òrùka irin kékeré kan tó máa ń kún ihò 10, tí yóò sì gba ọ̀pá Kluson láàárín. Ó ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jókòó dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ṣì rí ọgbẹ́ náà, yóò sì yọ owó rẹ̀ kúrò.

Bíríjì àtilẹ̀wá ṣì wà lára gìtá náà. Kò kú, ó kàn dógùn-ún ni. Aṣọ gbígbẹ, òróró díẹ̀ àti sùúrù ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn síkúrù tí a tú kúrò wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì mi, mo kọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá sára ìwé. Ẹni tó bá ní gìtá ẹ̀gbọ́n tàbí ti bàbá rẹ̀ nílé, kí ó gbé e wá ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí díríìlì tó kàn án. Rúlà mi yóò wà lọ́wọ́ mi.