Ẹ̀rọ tí ń Ṣí Ilẹ̀kùn Ilé Mọ́tò, àti Yíyàn Rẹ̀ fún Ilé Etí Òkun

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ìgbòho àti Kìṣí ni iṣẹ́ àti òwò ti gbé lọ sí Èkó, tí wọ́n sì ti kọ́lé sí Lẹ́kkí, sí Àjáh, tàbí sí apá Àgbádárìgì. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sí ilé ní àkókò ọdún, a óò gbọ́ pé ó ti ra ẹ̀rọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn ilé mọ́tò láìjẹ́ pé ènìyàn fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó bá tún fi máa wá ní ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta, a óò gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ti dákẹ́, owó sì ti wọ omi. Àwọn kan a máa dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó máa ń fà á jùlọ ni pé ẹni náà ra ẹ̀rọ bí ẹni pé ẹ̀bá òkè Àsabàrí ni ó ń gbé, kì í ṣe ẹ̀bá òkun.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ méjèèjì. Òkè-Ògùn jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn, ó sì jìnnà sí omi ńlá: láti Ṣakí dé etí òkun ju 200 kìlómítà lọ. Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ń fẹ́ sí wa, ó gbẹ, ó sì kún fún eruku. Ètè a máa là, ilẹ̀kùn pákó a máa sún kì títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa yọ láàrin pákó méjì, ṣùgbọ́n ọkọ́ tí a fi ti ògiri ní àkókò náà kì í tètè dípẹtà. Etí òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́kkí jẹ́ ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ láti orí omi ni ó ń fẹ́ sí i ní ọ̀pọ̀ jùlọ ọdún, bí ìgbì sì ti ń fọ́ ní etí òkun ni ẹ̀kán omi kéékèèké tí ojú kò lè rí ń bá afẹ́fẹ́ náà lọ, tí iyọ̀ sì wà nínú wọn. Iyọ̀ náà a bà lé òrùlé, a bà lé fèrèsé, a sì wọ inú àpótí ẹ̀rọ. Bí ilé bá ṣe súnmọ́ òkun tó ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ tó. Ilé tí ó wà ní ìwọ̀n kìlómítà kan sí omi ń rí ohun tí ilé Ìkejà kò rí.

Ìpẹtà, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìdógùn-ún, kò lè ṣẹlẹ̀ àfi bí omi àti afẹ́fẹ́ bá jùmọ̀ kan irin. Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin àti ìgò mẹ́rin. Kí ó fi ìṣó kan sínú ìgò gbígbẹ, kí ó sì dé e pinpin. Kí ó fi èkejì sínú omi tí a sè títí ó fi hó dáadáa, kí ó sì da òróró lé omi náà lórí kí afẹ́fẹ́ má baà tún wọ inú rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀kẹta sínú omi lásán, kí ó sì fi ẹ̀kẹrin sínú omi iyọ̀, kí orí àwọn méjèèjì yọ díẹ̀. Kí àwọn ọmọ máa wò wọ́n ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò wà bí wọ́n ti wà. Ẹ̀kẹta yóò pọ́n. Ẹ̀kẹrin ni yóò bàjẹ́ jùlọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí irin ti ń dípẹtà, agbára mànàmáná tí ó kéré púpọ̀ ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn lára irin náà, omi ni ó sì ń gbà kọjá. Omi òjò kì í gbé mànàmáná dáadáa, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ń gbé e gidigidi. Yàtọ̀ sí èyí, iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí irin tí iyọ̀ bà lé kì í gbẹ bí a tilẹ̀ rò pé ó ti gbẹ.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe ohun ìsinsìnyí. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ C. G. Johnson ni ó ṣe ilẹ̀kùn ilé mọ́tò tí a ń gbé sókè ní ọdún 1921, òun náà ni ó sì ṣe ẹ̀rọ mànàmáná tí ń gbé e ní 1926. Ní ìlú wa, géètì ọgbà ni ó wọ́pọ̀ ju ilẹ̀kùn ilé mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin àti iyọ̀ kan náà ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, a ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń ru ìwúwo ilẹ̀kùn. Sípíríǹgì ni ó ń rù ú, èyí tí a lọ́ mọ́ ọ̀pá kan lókè ẹnu ọ̀nà tàbí tí a nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀rọ kàn ń tì í ni, bí ọmọdé ti lè ti kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní ojú ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ìpẹtà bá jẹ sípíríǹgì náà títí ó fi rọ̀ tàbí tí ó fi já, ẹ̀rọ yóò wá máa gbé ohun tí a kò ṣe é fún, yóò sì jóná. Nítorí náà, kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, kí a ti ilẹ̀kùn náà, kí a tú ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀, kí a wá fi ọwọ́ gbé e dé ìdajì, kí a sì rọra fi í sílẹ̀. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, sípíríǹgì ni aláìsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ má ṣe fi ọwọ́ kan sípíríǹgì náà láti tú u: agbára tí a lọ́ pamọ́ sínú rẹ̀ lè ṣẹ́ apá ènìyàn, ó sì lè pani.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ń fi ṣéènì fà, bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere, lágbára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n irin ni ṣéènì, etí òkun a sì máa jẹ ẹ́ bí a kò bá fi òróró pa á nígbà gbogbo. Èyí tí ń fi bẹ́líìtì fà kì í pariwo, bẹ́líìtì rọ́bà kì í sì í dípẹtà. Àwa yóò yàn án ṣáájú ti ṣéènì fún ilé etí òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni ọ̀nà tí ó ń gbà rìn. Ẹ̀kẹta ń fi ọ̀pá onísíkúrù gbígùn fà. Gírísì ni ó ń mú un rìn, gírísì sì jẹ́ ọ̀rẹ́ eruku: èyí kò bá ọyẹ́ Òkè-Ògùn mu, ọ̀pá irin rẹ̀ kò sì bá iyọ̀ mu. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a ń kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí ó ń yí ọ̀pá sípíríǹgì náà fúnra rẹ̀. Kò ní ṣéènì gígùn tàbí irin ní àjà, nítorí náà ohun tí ìpẹtà yóò rí jẹ kò pọ̀. Ó wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ká a, òun ni a rò pé ó yẹ etí òkun jùlọ.

Alágbẹ̀dẹ Ṣakí kò níí ṣòro láti kọ́ ní ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ irin ni. Irin lásán tí a fi ọ̀dà kùn yóò dára títí ọ̀dà yóò fi bó ní ibì kan, ìpẹtà a sì gba ibẹ̀ wọ abẹ́ ọ̀dà. Irin tí a tẹ̀ bọ inú síǹkì yíyọ́ sàn jù, ọgbọ́n tí ọmọ Faransé kan, Stanislas Sorel, gba àṣẹ lé lórí ní 1837: síǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà kí ó tó kan irin. Irin tí kì í tètè dípẹtà, èyí tí Harry Brearley ṣe ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìpele wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń kọ 304 sí lára tó fún Ìsẹ́yìn. Fún ẹ̀bá òkun, 316 ni kí a béèrè, nítorí wọ́n fi molybdenum díẹ̀ sí i, èyí tí ń bá iyọ̀ jà. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kì í sì í pọ́n bí irin. Síbẹ̀, kí a má ṣe fi ìdè irin lásán dè é. Alessandro Volta fi hàn ní 1800 pé bí a bá to irin oríṣi méjì pọ̀ tí omi iyọ̀ sì wà láàrin wọn, mànàmáná yóò máa rìn. Ohun kan náà ni ilẹ̀kùn alumíníọ̀mù àti ìdè irin ń ṣe ní Lẹ́kkí, ọ̀kan nínú wọn yóò sì máa jẹ ní díẹ̀díẹ̀.

Lára àpótí ẹ̀rọ, kí a wá lẹ́tà IP pẹ̀lú nọ́ńbà méjì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí eruku kò ṣe lè wọlé, èkejì ń sọ ti omi. IP54 ń dí eruku dé ìwọ̀n kan, ó sì ń gba ìtàsí omi. IP65 kò jẹ́ kí eruku wọlé rárá, ó sì lè fara da omi tí a fi rọ́bà tu sí i. Ó dùn mọ́ wa pé IP65 kan náà ni ó bá ọyẹ́ wa mu tí ó sì bá òjò Èkó mu. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ géètì tí ń wà nílẹ̀, kí a mọ ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ó ga fún un, nítorí àgbàrá Èkó kì í bi ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé.

Iná mànàmáná ń kọ́? Ẹ̀rọ tí ó ní bátìrì tirẹ̀ ni kí a rà ní ilẹ̀ yìí, bátìrì náà sì ní láti jẹ́ èyí tí a lè rí òmíràn rà ní ọjà, nítorí ooru kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan. Ní oṣù kẹwàá 2017, nígbà tí iná jó ìgbẹ́ àti ilé ní California, àwọn kan kú nítorí pé iná mànàmáná ti lọ, wọn kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn ilé mọ́tò wọn láti sá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2019 ni òfin ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tuntun máa ní bátìrì. Bákan náà ni okùn tàbí kọ́kọ́rọ́ wà tí a fi ń tú ilẹ̀kùn kúrò lára ẹ̀rọ. Gbogbo ará ilé ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò, títí kan ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀; kì í ṣe baálé ilé nìkan. Ìpẹtà a sì máa mú ibi tí okùn náà so mọ́ le, nítorí náà kí a máa dán an wò lóṣooṣù.

Ti àwọn ọmọdé ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Ilẹ̀kùn tí ń sọ̀ kalẹ̀ kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí àpò sìmẹ́ńtì. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti kú lábẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, òfin béèrè pé ẹ̀rọ ilé tí a bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993 gbọ́dọ̀ ní ohun kejì tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, irú bí ojú méjì tí ń fi ìtànṣán wo ara wọn nísàlẹ̀, tí ilẹ̀kùn yóò sì padà sókè bí ohunkóhun bá gba àárín wọn kọjá. A ti rí ibi tí iyọ̀ àti eruku ti bo ojú náà, tí ilẹ̀kùn kọ̀ láti tì, tí oníṣẹ́ sì já wáyà rẹ̀ so pọ̀ kí ó lè máa tì. Kí a má ṣe gbà fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi rin díẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìtọ́jú kò le. Ní etí òkun, kí a máa fi omi tí kò ní iyọ̀ nu ilẹ̀kùn àti irin ọ̀nà rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi òróró díẹ̀ sí ìdè, ṣéènì àti sípíríǹgì. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wẹ àpótí ẹ̀rọ. Ní Òkè-Ògùn, kí a gbá eruku kúrò lẹ́yìn ọyẹ́ kí a tó fi òróró tuntun sí i, kí ó sì mọ níwọ̀n. Nígbà tí a bá sì ń rà á, kí a bi ẹni tí ń tà á ní ohun mẹ́ta: nọ́ńbà IP rẹ̀, irú irin tí a fi ṣe ìdè àti síkúrù rẹ̀, àti ibi tí a ó ti rí bọ́ọ̀dù rẹ̀ rà bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Bí kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta, kí a mú owó wa lọ sí ìsọ̀ mìíràn.